Akoto Ọ̀gá Ológun Jámánì ní Ladi-Lak

Ó tó gẹ́ẹ́. Dókítà tó ń wo ọkàn mi ti jókòó tì mí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ yanjú, kí n tètè yanjú rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni. Ọmọdé ni, kò mọ̀ pé àgbàlagbà lè ní ohun tó wúwo ju ilẹ̀ lọ lọ́kàn. Ẹ̀yin ará ilé Ọdẹ́túnjí ní Ladi-Lak, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí, pàápàá ìwọ Amatullah. Ẹni yòówù tó bá tún kà á lẹ́yìn yín, kó máa kà á lọ. N kò ní fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Orúkọ mi ni Ìbídàpọ̀ Adéníjì. Tíṣà ni gbogbo Fọlá Àgòrò ń pè mí, nítorí pé ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo mọ ọdún tí ọba kọ̀ọ̀kan jẹ, mo mọ ọdún tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè. Pé èmi fúnra mi kò ṣeé fọkàn tán, ìyẹn ni kò sí nínú ìwé tí mo kà.

Àwọn ọkùnrin kan ń kó oyè jọ, àwọn mìíràn ń kó ìyàwó jọ. Ní tèmi, ohun ogun Jámánì ayé àtijọ́ ni mò ń kó jọ: akoto, idà, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, àti fọ́tò àwọn tó lò wọ́n nígbà tí Káísà ṣì jẹ́ ọba wọn. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn baba wa lọ sí Kamẹrúùnù láti lé Jámánì kúrò níbẹ̀. Àwọn tó padà wálé kò padà lọ́wọ́ òfo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ilé àtijọ́ ní Bàrígà àti Ṣómólú, ènìyàn lè rí ohun tí Káísà fúnra rẹ̀ ń wá. Mo ti rí akoto tí wọ́n fi ń fún adìyẹ lómi. Mo ti rí ọ̀bẹ ẹnu ìbọn tí ìyá àgbà kan fi ń tú ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gbaguda rẹ̀. Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn ohun tó jẹ́: pé èyí tó ní irin ṣóńṣó lórí, ti ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni, pé èyí tí orí tirẹ̀ rí róbótó bí ọsàn, ti àwọn tó ń yin ìbọn ńlá ni, kí wọ́n má baà gún ara wọn lójú bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìbọn náà. Ẹnu á sì yà wọ́n. Háà, mo fẹ́ràn kí ẹnu máa ya ènìyàn nítorí mi.

Alhaji Mahmood nìkan ló lè bá mi du ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ilé ààfáà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ó kàwé òfin ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì ń gbé ní Ṣómólú nínú ilé tí fọ́tò àtijọ́ kún débi pé ìyàwó rẹ̀ kò ríbi gbé aago kọ́. Ọ̀rẹ́ ni wá. Bó bá wá kí mi tó sì lọ tán, màá yẹ orí pẹpẹ wò bóyá nǹkan gbogbo ṣì pé. Bí èmi náà bá fẹ́ kúrò nílé rẹ̀, á dì mọ́ mi, á sì rọra fọwọ́ tẹ àpò agbádá mi. Ìfẹ́ la pè é. Á ní, "Ìbí, o ti ń sanra o." Màá ní, "Ara mi ni, Mahmood, kì í ṣe fọ́tò rẹ." A ó jọ rẹ́rìn-ín, ojú wa kò ní rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́ mi pé bí wọ́n bá gbé fọ́tò ọkùnrin síwájú mi, bọ́tìnì ẹ̀wù ni kí n kọ́kọ́ wò. Bí ẹ̀wù ọkùnrin bá pa dé bíi ti obìnrin, a jẹ́ pé ẹni tó fọ fọ́tò náà ti yí fíìmù rẹ̀ sódì, ọ̀tún ti di òsì, òsì ti di ọ̀tún. Mo ti fi ọgbọ́n yìí dójú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun kan ló wà tí àwa méjèèjì kò ní: akoto ọ̀gá ológun. Ti ọmọ ogun lásán ni gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ mi, awọ líle nínú, awọ líle lóde. Ti ọ̀gá ológun, wúrà ni wọ́n fi pa á lára, ó fúyẹ́, aṣọ ṣẹ́dà sì ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ kó má baà ha á lórí. Mo máa ń lá àlá rẹ̀.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba padà fún alágbádá, gbogbo ẹni tó ní agbádá ló fẹ́ jẹ́ nǹkan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìjọba náà pé ọdún kan, àwọn kánsẹ́lọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn yóò ṣe àfihàn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní àdúgbò wa. Alhaji Isiaq Ọdẹ́túnjí, olórí ẹbí Ọdẹ́túnjí, ránṣẹ́ pè mí sí Ladi-Lak. Bàbá àgbà wọn, Sájẹ́ǹtì Ọdẹ́túnjí, lọ sí ogun Kamẹrúùnù, ó sì gbé akoto kan bọ̀. Wọ́n fi í sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. "Tíṣà," Alhaji Isiaq ní, "orí òyìnbó Jámánì ni bàbá wa ti ṣí i, lójú ogun, pẹ̀lú ọwọ́ òsì! Ẹ sọ fún àwọn kánsẹ́lọ̀ yẹn pé kò sí irú ẹ̀ ní Nàìjíríà." Èmi mọ̀ pé òyìnbó kan kì í dé akoto awọ dúdú yẹn sójú ogun nínú oòrùn Kamẹrúùnù, inú àpótí ló máa ń wà títí di ọjọ́ ìbí Káísà. Inú àpótí náà ni Sájẹ́ǹtì ti gbé e, nílé tí onílé ti sá kúrò. Ṣùgbọ́n n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá ń yìn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ni.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rashidat ló ṣí gíláàsì náà. Ìyàwó Rilwan ni, Rilwan tó jẹ́ àbúrò Alhaji Isiaq, tó ti kú. Òun ló ń tọ́jú pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, Jímọ̀ọ̀-Jímọ̀ọ̀ ló sì ń nu akoto náà. Ọmọbìnrin rẹ̀, ìwọ Amatullah, o di etí ìró rẹ̀ mú, o ń wò mí bí ẹni pé o mọ nǹkan kan. Alhaja Sìmbíátù, ẹ̀gbọ́n Alhaji Isiaq, wà lórí àga tirẹ̀. Ó ní, "Rashidat, rọra. Ohun ilé yìí ni, kì í ṣe ohun ilé bàbá ẹ." Rashidat kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà." Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ bí nǹkan ṣe rí: nítorí ọmọ ni wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ nínú ilé náà, àṣìṣe kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń dúró dè. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo dorí akoto náà kodò. Ṣẹ́dà ló wà nínú rẹ̀. Ọkàn mi tó ń ṣàìsàn lónìí, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fò sókè. Mo wú ikọ́, mo ní awọ rẹ̀ ti ń kú lọ, ó ń fẹ́ ìtọ́jú, kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sílé kí n fi epo pa á. Alhaji Isiaq ní, "Ẹ gbé e, Tíṣà. Ta la fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?" Mo sì gbé e.

Nílé mi, mo mú akoto ọmọ ogun lásán kan nínú tèmi, mo fi òróró àti ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tàn án jẹ títí tó fi jọ ọ̀gá. Ìṣòro kan ló kù. Akoto Jámánì máa ń ní àmì róbótó méjì létí, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, bíi kọ́bọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà. Ọ̀kan nínú ti ilé Ọdẹ́túnjí ti ya létí, gbogbo ilé ló sì mọ̀ ọ́n. Mo ní láti tú u kúrò kí n fi í sára ayédèrú. Mo tú méjèèjì, mo kó wọn sórí tábìlì, ìgbà tí mo fẹ́ tò wọ́n padà ni n kò rántí èyí tó wà ní etí wo. Ìwé mi sọ pé ọ̀tún ni irú èyí tó ya yẹn máa ń wà. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀dà fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri pálọ̀ wọn, níbi tí Sájẹ́ǹtì ti dé akoto náà, tó gbójú sókè bíi gómìnà. Nínú fọ́tò, etí òsì ló wà. Mo ní bóyá Sájẹ́ǹtì ló tún un tò bó ṣe wù ú. Mo tẹ̀lé fọ́tò. Gbogbo ayé ni mo ń fura sí nígbà náà, mo fura sí ajá tó ń gbó lójú ọ̀nà, fọ́tò yẹn nìkan ni n kò fura sí.

Nígbà tí mo gbé ayédèrú náà dé Ladi-Lak, Rashidat ló gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé e, ó dúró. "Dádì, ẹ ní ẹ fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni. Kí ló wá dé tó wúwo báyìí?" Mo ní, "Epo ni. Awọ tó bá ti mu epo máa ń wúwo." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù obìnrin náà, ẹni tí a bá sì ń bẹ̀rù, ìkórìíra rẹ̀ kì í jìnnà.

Wọ́n ṣe àfihàn, wọ́n ya fọ́tò, Alhaji Isiaq sọ̀rọ̀ títí àwọn ènìyàn fi ń yán. Kò sẹ́ni tó wo inú akoto. Mo rò pé ó ti parí. Ẹ wo olóye! Mo mọ bí Jámánì ṣe ń rán awọ, n kò mọ àṣà ilé tí mo ti jí nǹkan. N kò mọ̀ pé ní ilé Ọdẹ́túnjí, bí wọ́n bá bí ọmọkùnrin, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ wọ́n á gbé akoto bàbá àgbà lé e lórí kó tó jẹ́ orúkọ, kó lè ní àyà bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn àfihàn náà, ìyàwó Alhaji Isiaq bí ọkùnrin. Wọ́n pè mí, wọ́n pe Alhaji Mahmood náà. Wọ́n gbé akoto lé ọmọ lórí, ọmọ fi igbe ta. Alhaja Sìmbíátù gba akoto náà, ó tọwọ́ bọ inú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Isiaq! Akoto yìí kọ́ ni wọ́n dé fún ẹ nígbà tí wọ́n bí ẹ. Ọwọ́ mi ni mo fi dé e fún ẹ, aṣọ múlọ́múlọ́ ló wà ńbẹ̀. Kí lèyí? Awọ bàtà!"

Gbogbo ojú kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. "Rashidat, ta lo tà á fún?"

"Mi ò tà á o, mà. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ni mo ṣe gbé e sínú gíláàsì. Mo tiẹ̀ sọ fún Dádì pé ó ti wúwo jù."

Wọ́n yíjú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tíṣà tó gbọ́ ìdáhùn tí kò tọ̀nà. "Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé, ṣẹ́dà wà nínú rẹ̀," mo ní. "Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi lé. Mi ò sọ pé òun ni o. Mo kàn ń béèrè pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́." Bí àwọn tó kàwé ṣe ń purọ́ nìyẹn: a kì í sọ ọ́, a máa ń béèrè rẹ̀ ni.

Rashidat kò sunkún. Ó gbé akoto náà sókè, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Àmì tó ya yìí, etí ọ̀tún ló wà tẹ́lẹ̀. Jímọ̀ọ̀-Jímọ̀ọ̀ ni mò ń nù ún, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Etí òsì ló wá wà báyìí. Ẹnì kan ló tú u, tó wá ṣì í tò."

Alhaji Isiaq dìde, ó lọ síbi fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri. "Wá wo bàbá. Etí wo ló ya níbí?"

"Òsì ni, sà, àmọ́..."

"Ṣé bàbá àgbà ló wá ń purọ́ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alhaja Sìmbíátù pàtẹ́wọ́, ó ní, "Olè tún mọ àwíjàre." Rashidat yíjú sí mi. "Dádì, ẹ̀yin lẹ mọ fọ́tò. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, ẹ sọ fún wọn." Alhaji Isiaq náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà. Ẹ wò ó."

Mo súnmọ́ ọn, mo wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wo bọ́tìnì rẹ̀. Ẹ̀wù Sájẹ́ǹtì pa dé bíi ti obìnrin. Àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ wà ní àyà ọ̀tún, níbi tí ọmọ ogun kan kì í fi í sí. Ẹni tó fọ fọ́tò náà ló yí fíìmù sódì. Ọ̀tún ni Rashidat wí, ọ̀tún ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo ní láti sọ kí ó gbà á là, ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún ìdajì Ṣómólú nítorí ìgbéraga. Mo gbójú sókè, mo rí Alhaji Mahmood lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ń wo bọ́tìnì. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo yíjú sí àwọn ará ilé, mo ní, "Fọ́tò kì í parọ́."

Alhaja Sìmbíátù ní, "Kó ẹrù ẹ. Ọmọ wa ò ní tẹ̀lé olè." Amatullah, o lè má rántí, ọmọdé ni ọ́. O di ìró ìyá rẹ mú lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ènìyàn sì ń tú ìka ọwọ́ rẹ kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ má ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́." Èmi wà níbẹ̀. Mínírà tí wọ́n gbé fún mi wà lọ́wọ́ mi, mo sì mu ún tán.

Kò pẹ́ tí Mahmood fi wá sílé mi. Kò kí mi. Ó ní, "Ìbí, ẹ̀wù Sájẹ́ǹtì yẹn, ẹ̀wù ìyàwó rẹ̀ ló wọ̀, àbí?"

"Mi ò mọ ohun tí ò ń sọ."

"Ẹni tó to àmì yẹn, fọ́tò ló tẹ̀lé. Ẹni tó ń nu nǹkan ní Jímọ̀ọ̀-Jímọ̀ọ̀ kò nílò fọ́tò ẹ̀. Gbé e jáde, jẹ́ kí n rí i."

Mo gbé e jáde. Ó gbé e lé itan, ó fi ìka pa ṣẹ́dà náà lára, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ti Rashidat ló ń sun. Rárá o, ẹwà ló ń sun. Ó nu ojú, ó ní, "A lè lọ sọ fún wọn." Mo ní, "A lè lọ." Kò sẹ́ni tó dìde. Ó wo ògiri mi, níbi tí idà Jámánì kan wà, tí wọ́n gbẹ́ orí kìnnìún sí èèkù rẹ̀, idà tí ó ti ń tọrọ lọ́wọ́ mi tipẹ́. "Idà yẹn máa dára lára ògiri mi," ó ní. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹni wé ẹja, ó sì gbé e lọ.

Láti ìgbà náà, n kò ní ìsinmi. Bí Mahmood bá kí mi, mo fura. Bí kò bá kí mi, mo tún fura. Bí mo bá rí i pẹ̀lú ará Ladi-Lak kan, màá yà kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tó yá, Mahmood kú lójijì, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo sunkún kíkorò, nínú ẹkún náà sì ni mo ti ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ bóyá ó sọ fún un. Ẹ wá wo èrè tí mo jẹ: akoto tí n kò lè fi han ẹnikẹ́ni. Ènìyàn kó nǹkan jọ kí wọ́n lè rí i, èmi jí èyí tí mo ní láti fi aṣọ bò. Nígbà mìíràn màá ti ilẹ̀kùn, màá dé e, màá dúró síwájú dígí. Arúgbó onípijáámà ló ń wò mí padà, irin ṣóńṣó lórí, ìbẹ̀rù lójú. Káísà fúnra rẹ̀ ì bá rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí dókítà sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n bá mi wá Rashidat rí. Ọbáníkòró ló wà, ó ń bá wọn tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní ilé jẹ́lé-ó-sinmi kan. Ó wá. Irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Kò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo fẹ́ wólẹ̀, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà, ara yín ò le." Mo ní kó dárí jì mí. Ó wá ní, "Dádì, èmi mọ̀ pé mi ò jalè. Kò sí ohun tuntun tí ẹ sọ fún mi. Nígbà kan mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé Amatullah, ó rí mi, ó sọdá sí òdìkejì títì. Ọmọ tí mo bí. Òun ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Bó bá ti gbọ́, kí ẹ wá padà bi mí." Ó fi ọwọ́ tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó sì lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ìmọ̀ kan tí àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ ṣọ́ra. Òpè tó parọ́, wọ́n á já a. Ẹni tí wọ́n ń pè kó wá sọ òtítọ́, bó bá parọ́, ta ni yóò já a? Alhaji Isiaq, akoto yín wà lọ́dọ̀ mi, ṣẹ́dà rẹ̀ kò bàjẹ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó padà wọ ilé yín ṣáájú Rashidat. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ gbé, kí Alhaja Sìmbíátù sì fi ẹnu ara rẹ̀ pè é wọlé. Kí ẹ ka ìwé yìí sókè ní pálọ̀, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù kà á, kí àwọn aládùúgbò gbọ́. Bí ẹ bá lè forí jì mí, ẹ forí jì mí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, mo gbà.

Ìwọ Amatullah, ìyá rẹ kò jí nǹkan kan. Èmi ni. Nígbà tó dúró láàárín gbogbo wa tó ní etí ọ̀tún ni, etí ọ̀tún ni.